Ọmọ Ilé-ìwé: Ẹlẹ́jọ́ Ni Tàbí Onílé?

Láti ìgbà tí Wọlé Ṣóyínká ti tẹ Aké jáde ní 1981, àti ní pàtàkì láti ìgbà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti sọ ọ́ di Yorùbá ní 2001 tí ó pè é ní Aké: Ní Ìgbà Èwe, ohun mẹ́ta ni àwọn òǹkàwé sábà máa ń yìn nínú rẹ̀: ẹ̀fẹ̀ tí ó kún inú rẹ̀, ìwà bàbá àti ìyá ọmọ náà, àti ìjà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá bá Aláké jà lórí owó-orí. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ohun kẹrin kan wà níbẹ̀ tí a máa ń rẹ́rìn-ín kọjá lórí rẹ̀, tí ó sì yẹ kí a dúró tì díẹ̀. Ohun náà ni ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ ilé-ìwé. Ta ni ó ń gbọ́ ọ? Kí ni ó lè yí padà? Ibo ni agbára rẹ̀ parí sí? Ìbéèrè wọ̀nyí kan àwa tí a ń ka ìwé ẹgbẹ́ yìí gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ẹni tí ó jókòó sórí àga akẹ́kọ̀ọ́ ń bẹ nínú wa, ẹni tí ó dúró níwájú pátákó náà sì ń bẹ nínú wa.

Yorùbá ní òwe méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí, òwe méjèèjì kò sì fi bẹ́ẹ̀ bá ara wọn rẹ́. Ọ̀kan ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Èkejì ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nínú ilé-ìwé wa, òwe kìn-ín-ní ni a fi ń ṣe òfin. Òwe kejì ni a fi ń kọ àròkọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, àwọn olùkọ́ ni ó ń yan olórí àwọn ọmọ, iṣẹ́ tí a sì ń fún un kò ju kí ó lu agogo, kí ó mú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tò lórí ìlà, kí ó sì kọ orúkọ àwọn tí ó ń pariwo fún olùkọ́. A ń pe èyí ní ìkọ́ni ní ìṣàkóso. Lójú tèmi, ojú olùkọ́ tí a fà gùn ni. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó kọ orúkọ aláriwo, a kò tíì bi í léèrè ìdí tí ariwo fi ń sọ.

Ìdí nìyí tí mo fi padà sí Aké. Kò sí ìwé ìrántí èwe mìíràn láti ọwọ́ ọmọ Yorùbá tí mo mọ̀ tí ọmọdé ti ń bi àgbà ní ìbéèrè tó bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gan-an ti fi hàn. Ọmọ náà kò tíì tó ọmọ tí ó ń lọ sí ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ó mú ìwé dání, ó tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Tinú lọ, ó sì kọ̀ kò padà sílé. Wọ́n gbà á wọlé. Àwọn kan yóò ní ìyẹn kò ju àṣejù ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé lọ, àti pé ọmọ ẹlòmíràn kò ní rí bẹ́ẹ̀ ṣe. Òótọ́ ni, bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá ilé-ìwé St. Peter's ní Aké, orúkọ bàbá a sì máa ṣílẹ̀kùn fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ síwájú sí i ní Ìsarà, ìlú bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Rẹ́mọ. Níbẹ̀ ni a ti ní kí ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà, òun sì bèèrè pé nígbà tí òun kì í dọ̀bálẹ̀ fún Ọlọ́run, èéṣe tí òun yóò fi dọ̀bálẹ̀ fún ènìyàn? Ní Rẹ́mọ ayé ìgbà náà, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kọjá eré ọmọdé. Èmi kò sọ pé ó tọ̀nà kí ọmọ má dọ̀bálẹ̀. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé òǹkọ̀wé jẹ́ kí ìbéèrè náà dúró bí ìbéèrè, kò yára fi ìgbátí dáhùn rẹ̀ kí ìtàn lè máa lọ.

Àmọ́ Ilé-ìwé Gírámà Abẹ́òkúta ni ọ̀rọ̀ náà ti gbilẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ ni Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, tí gbogbo ènìyàn inú ìwé náà mọ̀ sí Dáódù. Ẹgba kò jìnnà sí ọwọ́ Dáódù. Kò sí ẹni tí ó ka ìwé náà tí yóò pe ilé-ìwé rẹ̀ ní ilé ìkẹ́ra. Ṣùgbọ́n kí ẹgba tó sọ̀ kalẹ̀, ẹjọ́ a máa wáyé. Ọmọ tí a bá fi ẹ̀sùn kàn ní àǹfààní láti ro tẹnu rẹ̀ ní gbangba. Bí ó bá sì rò ó tí ó já gaara, tí ọgbọ́n wà nínú àwíjàre rẹ̀, ìyà lè fò ó dá tàbí kí ó fúyẹ́. Àwọn ọmọkùnrin kan tí a ká àkùkọ sísun mọ́ lọ́wọ́ gbìyànjú láti fi ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n kọ́ ní kíláàsì ṣàlàyé bí nǹkan ṣe lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tí ó ṣáná sí i. Òǹkàwé a máa rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lẹ́yìn ẹ̀rín, ó yẹ kí a wo ohun tí Dáódù ń ṣe. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni; gbogbo wa mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ kí olùkọ́ kà á sí òfin tí ó de òun náà. Dáódù jẹ́ kí ó de òun. Nípa bẹ́ẹ̀ ó fi àwọn ọmọ náà sí ipò tí wọ́n gbọ́dọ̀ lo ohun tí a kọ́ wọn. Ọmọ tí ó kọ́ sáyẹ́ǹsì lákọ̀ọ́sórí kò lè fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú irú adájọ́ bẹ́ẹ̀. Àfi ẹni tí ó yé. Ìdánwò tí ó wà nínú ìgbẹ́jọ́ yẹn le ju ti inú kíláàsì lọ, nítorí ìdí ọmọ ni ó fi ń dúró fún un.

Ta ni Dáódù yìí, níbo ni ó sì ti kọ́ irú ìṣàkóso bẹ́ẹ̀? Ibí yìí ni mo ti ní ẹ̀dùn ọkàn díẹ̀ sí ìwé náà. Abẹ́òkúta ni ó dúró sí, bí ó bá sì yà sí Ìjẹ̀bú, Ìsarà ni ó ń lọ. Kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ohunkóhun fún wa nípa Ìjẹ̀bú-Òdé. Bẹ́ẹ̀ ni Ìjẹ̀bú-Òdé ni ọkùnrin náà ti di ọ̀gá ilé-ìwé. Láti 1918 títí di 1932, òun ni ó ṣe olórí Ilé-ìwé Gírámà Ìjẹ̀bú-Òdé, tí a dá sílẹ̀ ní 1913. Ibẹ̀ ni ó wà nígbà tí ó gbé Fúnmiláyọ̀, tí ìwé Aké ń pè ní Bẹẹ́rẹ̀, níyàwó ní 1925. Ibẹ̀ náà ni ó wà ní 1926 nígbà tí òun àti àwọn ọ̀gá ilé-ìwé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́, kí wọ́n lè máa fi ohùn kan bá ìjọba àti àwọn ìjọ sọ̀rọ̀. Nígbà tí a sì dá Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1931, òun ni ààrẹ àkọ́kọ́. Kò sì kúrò ní ipò náà títí di 1954, ọdún kan ṣáájú ikú rẹ̀.

Mo rò pé ẹni tí ó bá so nǹkan wọ̀nyí pọ̀ yóò rí ohun tí ìwé náà kò sọ. Olùkọ́ ìgbà náà kò ní ẹnu. Ìjọ ni ó ń gbà á síṣẹ́, ìjọ ni ó ń gbé e láti ìlú kan dé òmíràn, owó tí a bá sì fún un ni yóò gbà. Ọkùnrin tí ó kọ́kọ́ jà ní Ìjẹ̀bú-Òdé pé kí a máa gbọ́ ti olùkọ́ ni ó wá jókòó ní Abẹ́òkúta tí ó ń gbọ́ ti ọmọ. Kì í ṣe ohun ìyanu. Ẹni tí ó mọ bí ó ti ń dun ni pé kí a dá ẹjọ́ ẹni lẹ́yìn ẹni, òun ni ó máa ń lọ́ra láti dá ti ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀. Láti 1943 sí 1945 ó wà lára ìgbìmọ̀ Elliot tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ní 1948. Olùkọ́ Ìjẹ̀bú-Òdé àtijọ́ ni ó jókòó nínú yàrá tí wọ́n ti ń rò ó bóyá irú wa yẹ ní yunifásítì.

Nísinsìnyí ni mo fẹ́ sọ ibi tí ilé-ẹjọ́ Dáódù kù díẹ̀ káàtó. Ẹ ka ìtàn náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìgbà wo ni ọmọ ilé-ìwé máa ń sọ̀rọ̀ níwájú Dáódù? Ìgbà tí a bá fi ẹ̀sùn kàn án ni. Bí kò jí àkùkọ, kò ní ẹjọ́. Bí kò sì ní ẹjọ́, kò ní ọ̀rọ̀. Ọgbọ́n rẹ̀, ìmọ̀ rẹ̀, àti ìgboyà rẹ̀, ọ̀nà àtibọ́ lọ́wọ́ ẹgba ni ó ń ná gbogbo wọn lé. A kò rí ibi tí ọmọ kan ti dìde láti sọ pé oúnjẹ wa kò tó, ẹ jẹ́ kí a dá oko. Tàbí pé òfin báyìí kò bójú mu, ẹ jẹ́ kí a tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ ọmọ lè yí ìdájọ́ padà, kò lè yí òfin padà. Ẹlẹ́jọ́ ni ó ṣì jẹ́. Kò tíì di onílé.

Ẹni kan lè sọ pé ìyẹn náà ti tó, pé ní ayé ìgbà náà ó ti pọ̀ jù. Mo gbà pé ó pọ̀, nígbà tí a bá fi wé ibi tí kò ti sí ìgbẹ́jọ́ rárá. Ní 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba gba ibùgbé àwọn ọmọ King's College ní Èkó fún àwọn ọmọ ogun, wọ́n sì kó àwọn ọmọ náà sí àwọn ilé kan nínú ìlú. Àwọn ọmọ ṣàròyé, àròyé wọn kò so èso, wọ́n sì yan ìdaṣẹ́sílẹ̀. Ọlọ́pàá kó wọn, a lé àwọn kan, a sì fi ipá kó mẹ́jọ nínú wọn sí iṣẹ́ ológun. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ náà kú sẹ́nu iṣẹ́ náà. Inú bí ará ìlú. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ni ó pe ìpàdé tí a ti dá ẹgbẹ́ NCNC sílẹ̀, tí Herbert Macaulay jẹ́ ààrẹ rẹ̀ tí Azikiwe sì jẹ́ akọ̀wé. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ibi tí ọmọ yóò sùn di ọ̀rọ̀ ta ni yóò jọba lórí ilẹ̀ yìí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó tún rí ní 1978, nígbà tí òmìnira ti dé. Ìjọba ológun fi owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kún. Akẹ́kọ̀ọ́ fọ́n sí ìgboro, ìbọn dún, ẹ̀mí ṣòfò, a sì fi òfin de ẹgbẹ́ wọn tí Ṣẹ́gun Òkèowó jẹ́ ààrẹ rẹ̀. Oúnjẹ àti ibùsùn! Kò sí ọ̀kan nínú méjèèjì tí ọ̀gá kan tí ó ní etí kò lè jókòó lé lórí pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ilé-ìwé tí kò bá gbọ́ ti ọmọ nígbà tí ó wà ní kékeré ni yóò gbọ́ ọ nígbà tí ó bá ti di ariwo ọjà.

Aké fúnra rẹ̀ kò kọ̀ láti fi ọ̀nà mìíràn hàn wá, àmọ́ ó fi í pamọ́ sí abẹ́ ìtàn àwọn obìnrin. Ẹ rántí pé kí ìjà owó-orí tó le, ẹgbẹ́ àwọn ìyá náà bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ìwé kíkà fún àwọn obìnrin ọjà, àwọn ọmọ ilé-ìwé, Wọlé kékeré pẹ̀lú wọn, sì wà lára àwọn tí ó ń kọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ọmọ yìí di ẹni tí ó ń jíṣẹ́ fún wọn nígbà tí wọ́n dó ti ààfin. Níbí yìí, ọmọ ilé-ìwé kì í ṣe ẹlẹ́jọ́ mọ́. Ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ ti di ohun tí ìlú nílò, ó sì ti ní iṣẹ́ tí bí òun kò bá ṣe é, àyè rẹ̀ yóò ṣófo. Lójú tèmi, apá yìí ni ó lágbára jù nínú ìwé náà. Àbùkù tí mo rí níbẹ̀ ni pé ìjà náà gba gbogbo ojú òǹkàwé lọ, a kò sì dúró pẹ́ tó nínú kíláàsì náà láti rí bí ọmọ ọdún mẹ́wàá ṣe ń kọ́ ìyá àgbà ní lẹ́tà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn má sì gbàgbé pé ìwé ìrántí kì í ṣe ìwé ìtàn: Ṣóyínká ti fi Abẹ́òkúta sílẹ̀ lọ sí Government College ní Ìbàdàn ní 1946, nígbà tí ó jẹ́ pé 1947 ni àwọn obìnrin dó ti ààfin, tí Aláké sì fi orí oyè sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ní 1949. Òǹkọ̀wé fún ọdún pọ̀ kí ìtàn lè wọ inú ìgbà èwe kan. Ó ní ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwa náà ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ ọ́n.

Bí a bá wá fẹ́ mọ bí ọmọ ṣe ń di onílé, ẹ jẹ́ kí a padà sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, nítorí àṣà ibẹ̀ ti ní ìdáhùn kan kí ilé-ìwé tó dé. Régbérégbé ni mo ń wí: ẹgbẹ́ àwọn tí a bí ní ìgbà kan náà, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, tí ó sì ń ṣe iṣẹ́ ìlú. Lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ wọ́n sí ẹwà aṣọ ní Ojúde Ọba nìkan. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ jinlẹ̀ ju aṣọ lọ. Ohun tí ó ń sọ ni pé ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan ní ojúṣe tirẹ̀ nínú ìlú, àti pé ẹni tí ó ní ojúṣe ní àyè láti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Awùjalẹ̀ Ṣíkírù Adétọ̀nà, tí ó sọ ètò yìí di ọ̀tun, mọ ohun tí ó ń ṣe. Nígbà tí a fi í jẹ ọba ní 1960, ọmọ ọdún 25 ni, akẹ́kọ̀ọ́ ni ó sì jẹ́ ní Ìlú Ọba. Ìjẹ̀bú gbé adé lé akẹ́kọ̀ọ́ lórí, adé náà sì wà lórí rẹ̀ títí ó fi wàjà ní 2025, ọdún 65 gbáko. Ìlú tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ kò lè sọ pé òun kò mọ̀ pé ọ̀dọ́ lè ṣàkóso.

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú yìí kan náà ni Táí Ṣólàrín ti gbìyànjú láti mú ọ̀rọ̀ náà wọ inú ilé-ìwé. Láti 1952 ni ó ti jẹ́ ọ̀gá Molusi College ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nínú ilé-ìwé dá ìjà sílẹ̀, ó kúrò níbẹ̀, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1956 òun àti Sheila ìyàwó rẹ̀ sì dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Níbẹ̀, ọmọ ni ó ń ro oko tí yóò jẹ nínú rẹ̀; ọmọ ni ó ń bá wọn kọ́ ilé tí yóò jókòó sí. Ọmọ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé búlọ́ọ̀kù lé ara wọn kò ní fi èékánná ha ògiri náà. Èyí ga ju ilé-ẹjọ́ Dáódù lọ ní ọ̀nà kan: a kò dúró di ìgbà tí ọmọ bá ṣẹ̀ kí a tó mọ̀ pé ó wà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi Ṣólàrín náà ní ìbéèrè tí a bi Dáódù. Ta ni ó ń pinnu ohun tí a ó kọ́, ibi tí a ó gbìn sí, àti ìgbà tí a ó sinmi? Ọ̀gá ni. Dáódù fún ọmọ ní ẹnu, Ṣólàrín fún un ní ọkọ́. Onílé ni ẹni tí ó ní méjèèjì papọ̀: ó ń bá wọn ṣiṣẹ́, ó sì ń bá wọn gbìmọ̀. Yunifásítì ìkọ́ni tí a dá sílẹ̀ ní Ìjàgun lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òdé ní 2005 ń jẹ́ orúkọ Ṣólàrín. Bí àwọn olùkọ́ ọ̀la tí ó ń jáde níbẹ̀ bá lè pa ẹnu àti ọkọ́ pọ̀, wọn yóò ti ṣe ju àwọn méjèèjì lọ.

Ohun kan kù tí ó jẹ́ tiwa, àwa ẹlẹ́gbẹ́ Yorùbá. Èdè wo ni ọmọ yóò fi rojọ́? Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé gírámà wa, ọmọ tí ó bá la ẹnu sọ Yorùbá ti jẹ̀bi kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, pẹ̀lú Babs Fáfúnwá níwájú, bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, wọ́n tún ṣe dáradára ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ Ìṣọ̀lá fi ju iṣẹ́ ògbufọ̀ lásán lọ. Nínú ìwé ti Gẹ̀ẹ́sì, ìpàǹpá àwọn ọmọkùnrin Dáódù jẹ́ ẹ̀fẹ̀ àwọn tí ó ń fi èdè àlejò ṣe fọ́ńté. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di Yorùbá, díẹ̀ nínú ẹ̀fẹ̀ yẹn a dànù, n kò ní purọ́. Sáyẹ́ǹsì àfẹnujẹ́ kò dùn ní èdè abínibí bí ó ti dùn ní èdè tí a yá. Ṣùgbọ́n ohun tí a jèrè pọ̀ ju èyí tí ó dànù lọ. Ọmọ náà wá ń dún bí ẹni tí ó dúró ní àárín agbo ilé tí ó ń rojọ́ níwájú àwọn baba rẹ̀. Ìrojọ́ náà kò jọ àṣà àjèjì mọ́. Ó jọ ohun tí a ti ń ṣe láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, tí ilé-ìwé wá gbà lọ́wọ́ wa.

Bí mo ti yin Ìṣọ̀lá tó, ìwé tirẹ̀ náà fi hàn bí àyè yìí ti ṣófo tó nínú lítíréṣọ̀ wa. Ó Le Kú, tí ó jáde ní 1974, ni ìtàn àròsọ Yorùbá lórí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí gbogbo wa mọ̀ jù. Àjàní àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ kò lè kúrò ní ọkàn ẹni. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ni ó gba gbogbo àyè. Ọ̀rọ̀ ta ni ó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà kò sí lára ohun tí ìwé náà wá wí. N kò dá a lẹ́bi: òǹkọ̀wé kì í kọ ìwé méjì lẹ́ẹ̀kan. Mo kàn ń bèèrè ẹni tí yóò kọ èkejì ni. Níbo ni ìtàn ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú-Òdé kan wà tí ó rí i pé ilé ìyàgbẹ́ ilé-ìwé òun kò ní ilẹ̀kùn, tí ó kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, tí wọ́n lọ bá ọ̀gá, tí wọ́n lọ bá ẹgbẹ́ òbí, tí wọ́n sì padà wá pẹ̀lú káfíńtà? Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò nílò iwin tàbí ọba. Ó nílò òǹkọ̀wé tí ó gbà pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ tó kọ ìwé lé.

Títí irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò fi dé, Aké ni kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ kà. Kí olùkọ́ kà á láti mọ̀ pé gbígbọ́ ẹjọ́ ọmọ kò dín ọlá Dáódù kù. Ó wà lára ohun tí ó mú kí ọmọ ìjọsí kọ̀wé nípa rẹ̀ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti di àgbà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kà á láti mọ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí a gbọ́ òun gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò wí, kí ó sì wí i kí ó já. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Ṣùgbọ́n kí àwa àgbà náà rántí pé ẹni tí ó ti wẹ ọwọ́ tán tí a kò bu oúnjẹ fún, ọwọ́ rẹ̀ kò ní pẹ́ gbẹ, yóò sì wá ibòmíràn nà án sí.